"Tíṣà wo?": ohun tó yí padà nígbà tí ọmọ bá wọ JSS1, àti ibi tẹ́yin òbí ti wúlò

Tí ilé ìwé bá ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ẹ lọ dúró ní Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó dá àwọn ọmọ JSS1 mọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù wọn ṣì ń dán, ó tóbi jù wọ́n lọ torí màmá wọn ti sọ fún télọ̀ pé kó fi àyè sílẹ̀ kó lè bá wọn dé JSS3, báàgì wọn tóbi ju ẹ̀yìn wọn lọ, wọ́n á di owó kẹ̀kẹ́ mọ́wọ́ pinpin, wọ́n á máa wo ojú gbogbo àgbàlagbà tó bá ń kọjá. Oṣù méjì sẹ́yìn o, àwọn yìí kan náà ni ọ̀gá ní pírámárì, àwọn ló ń lu agogo, àwọn ló ń to àwọn kéékèèké sórí ìlà. Wọ́n ti tún padà di ẹni tó kéré jù.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun kan fún àwa òbí torí ó dà mí láàmú gan-an nígbà tó kàn mí. Ọmọ mi àkọ́bí, ipò kẹta ló ṣe nígbà tó parí pírámárì. A fi í sí sẹ́kọ́ńdírì kan níbí ní Abẹ́òkúta, nígbà tí rìsọ́ọ̀tì táàmù àkọ́kọ́ máa jáde ní kété tí Kérésì ku díẹ̀, ipò 37 nínú ọmọ 52. Bàbá ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n tètè gbé e lọ síbi àdúrà, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọwọ́ kan orí ọmọ náà. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn, àdúrà ò burú, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tú báàgì ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ṣí ìwé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá kan ìwé nóòtì Basic Technology, ojú ewé méjì péré ló kọ. Fún odidi táàmù! Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi òun sí, òun ò rí bọ́ọ̀dù dáadáa, tóun bá fi máa kọ dé ìdajì wọ́n á ti nù ún. Mo ní ṣé o sọ fún tíṣà? Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, tíṣà wo?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà nínú ẹ̀.

Ẹ rántí bó ṣe rí ní pírámárì. Àǹtí kan ló ni kíláàsì yẹn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Àǹtí yẹn ló kọ́ wọn ní ìṣirò, òun náà ló kọ́ wọn ní English, òun ló rí i pé lágbájá ò jẹun wá, òun ló mọ̀ pé tàmẹ̀dò kì í kọ nóòtì tí wọn ò bá pariwo mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́jà Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé á bá yín sọ̀rọ̀ ọmọ yín bíi pé òun lòun bí i. Ní JSS1, tíṣà Mathematics á wọlé, á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, agogo á lù, á jáde, òmíràn á wọlé. Tíṣà yẹn lè máa kọ́ JSS1A dé JSS1E, tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá ní ọmọ 50, ọmọ 250 nìyẹn, kò tíì débi JSS2 o. Kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ, kò lè mọ̀ pé tiyín ló wà lẹ́yìn tí kò rí bọ́ọ̀dù. Tíṣà Basic Science rò pé bóyá ọmọ náà ń ṣe dáadáa ní English, tíṣà English rò pé bóyá ìṣirò ló mọ̀. Fọ́ọ̀mù tíṣà wà lóòótọ́, òun ló ń máàkì rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n òun náà ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó ń kọ́ káàkiri. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ àjọní, ebi ní ń pa á. Ọmọ ti di ti tíṣà mẹ́wàá, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ń rí i tán.

Nígbà tọ́mọ wa bá wọ sẹ́kọ́ńdírì a máa ń rò pé ó ti dàgbà, pé ìgbà tó wà ní pírámárì ló nílò ká máa yẹ ìwé ẹ̀ wò. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Òdìkejì ló rí. Ìgbà pírámárì ni Àǹtí ń bá wa ṣe é, JSS1 gan-an ni iṣẹ́ yẹn bọ́ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Kí n tó sọ bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e, ẹ jẹ́ kí n tú àwọn orúkọ yìí ká díẹ̀ torí ó ń rú ọ̀pọ̀ òbí lójú, pàápàá àwa tá a lo ètò àtijọ́. Láti 1982 ni wọ́n ti pín sẹ́kọ́ńdírì sí méjì, ọdún mẹ́ta JSS, ọdún mẹ́ta SS, ìyẹn ètò 6-3-3-4: ọdún mẹ́fà pírámárì, mẹ́ta JSS, mẹ́ta SS, mẹ́rin yunifásítì. Òfin UBE (Universal Basic Education) ti 2004 wá so JSS mọ́ pírámárì, ọdún mẹ́fà àti ọdún mẹ́ta, mẹ́sàn-án, ìyẹn lòfin ń pè ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, dandan ni fún gbogbo ọmọ, ọ̀fẹ́ ló sì yẹ kó jẹ́ ní ilé ìwé ìjọba. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọmọ tó wà ní JSS1 ò tíì kúrò nídìí ìpìlẹ̀. Kò tíì sí sáyẹ́ǹsì, kò tíì sí áàtì, kò tíì sí kọmáṣà. Ìdánwò BECE ló máa ṣe ní ìparí JSS3, èyí táwọn èèyàn ń pè ní Junior WAEC, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó pín wọn. Torí náà ẹ má sọ fọ́mọ ọdún mọ́kànlá pé dókítà lo fẹ́ dà, fi Business Studies àti Yorùbá sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló máa bá a dé BECE.

Orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì náà ń kọ́? Ilé ìwé kan á kọ Basic Science, Basic Technology, Computer àti PHE (eré ìdárayá àti ìlera) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí rìsọ́ọ̀tì, ilé ìwé kejì á kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ á pè é ní BST. PVS tẹ́ ẹ rí yẹn, Agric àti Home Economics ló wà nínú ẹ̀. CCA ni iṣẹ́ ọnà, orin àti eré. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ tún kéde kọríkúlọ́ọ̀mù míì tó ní kí sọ́bújẹ́ẹ̀tì JSS wà láàárín 12 sí 14, nítorí náà kí ẹ má fi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jáde lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn díwọ̀n tàbúrò. Ẹ gba ìwé tí ilé ìwé fi kọ orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, ẹ béèrè èyí tí kò bá yé yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó wá ku rìsọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀. Ipò là ń kọ́kọ́ wò, ipò ló sì ń ṣì wá lọ́nà jù. Ọmọ mi ṣe ipò kẹta ní pírámárì láàárín ọmọ méjìdínlógún. Ní JSS1, àwọn tó ṣe ipò kìíní dé ìkẹta láti pírámárì oríṣiríṣi, láti Ọbáńtokò, láti Aṣẹ̀rò, láti Láfẹ́ńwá, gbogbo wọn ló kóra jọ sínú kíláàsì kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ipò ogún nínú wọn. Ẹ gbójú kúrò lára ipò, ẹ wo bí máàkì ṣe pín. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, nínú ọgọ́rùn-ún, ogójì ló wá láti inú tẹ́ẹ̀sìtì, asáínmẹ́ǹtì àti nóòtì, ọgọ́ta wá láti inú ìdánwò, àwọn kan ń lo 30 àti 70. Ọmọ tó gba 42 nínú 60 ìdánwò mọ ìwé dáadáa. Tó bá jẹ́ pé 8 nínú 40 ló gbà nínú tẹ́ẹ̀sìtì, 50 ló máa rí lápapọ̀, a ó sì máa pariwo pé orí ẹ̀ ti kú. Orí ẹ̀ pé. Nǹkan ló jò lọ láàárín táàmù: tẹ́ẹ̀sìtì tí kò ṣe torí kò gbọ́ pé ọjọ́ Tuesday ni, asáínmẹ́ǹtì tó ṣe tí kò fi sílẹ̀ torí kò mọ orí tábìlì ta ni wọ́n ń kó o sí. Nígbà tí mo wo ti ọmọ mi bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó dùn mí pé a ti nà án ká tó wò ó.

Kí lẹ máa wá ṣe? Táìmù-tébù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ ní kí ọmọ kọ ọ́ sórí bébà ńlá kan, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé ti ń jẹun. Kì í ṣe inú yàrá ọmọ o, ibi tí ojú yín á máa dé ni. Ilé ìwé ọmọ kì í ṣe àdììtú mọ́ látọjọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ JSS1 pé "báwo ni skúù?", "fáìn" ló máa sọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo ògiri tẹ́ ẹ ní, "Ìwọ, ẹ ní Agric lẹ́yìn bréèkì lónìí, kí ni wọ́n kọ sórí bọ́ọ̀dù?", ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan. Ó lè ní tíṣà ò wá. Ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn, tí tíṣà ò bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ máa bá ilé ìwé sọ nìyẹn. Alẹ́ ni kó máa fi táìmù-tébù kó báàgì, kì í ṣe àárọ̀ tí gbogbo ilé ń sáré, àbí kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti ń gbé gbogbo ìwé lọ lójoojúmọ́ títí ẹ̀yìn á fi máa dùn ún.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ yẹ ìwé nóòtì wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn ò kàwé, tàbí pé English JSS ti ju tàwọn lọ. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Déètì ni kẹ́ ẹ wò. Tí Social Studies bá wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lórí ògiri, tí déètì tó kẹ́yìn nínú ìwé ẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan kan ti dá dúró níbì kan. Ẹ wò ó bóyá tíṣà ti fi báírò pupa máàkì é rí. Ìyá tó ń ta ata ní Kútọ̀ lè ṣe èyí, ẹni tó ń pa aṣọ láró ní Ìtòkú lè ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ká ní mo ti ṣe é lọ́sẹ̀ kẹta, ǹ bá ti mọ̀ nígbà yẹn pé ọmọ mi ò rí bọ́ọ̀dù. Ojú ló ń dà á láàmú lóòótọ́, a gbé e lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní awò, wọ́n sì gbé e wá síwájú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kí ọmọ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún yín. Ẹ jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọmọ lè há English inú nóòtì sórí láìmọ ìtumọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí kò yé e, ibi tó bá ti ń kólòlò ni ibi tí kò yé e gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá á ba English ọmọ jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà pírámárì, wọ́n sì kọ́ wọn ní English gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn, wọ́n ṣe dáadáa, títí kan English fúnra ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Àlẹ́gébírà máa ń dẹ́rù ba àwọn JSS1 torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí lẹ́tà nínú ìṣirò, ọmọ á máa ronú pé kí ni x ń wá níbí. Ẹ bi í pé: oníbàárà kan ra àdìrẹ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, iye kan náà ni mo ta wọ́n, ó fún mi ní 20,000, mo fún un ní ṣéńjì 2,000, èló ni mo ta ọ̀kan? Á yọ 2,000 kúrò, á ku 18,000, á pín in sí mẹ́ta, 6,000. Ẹ wá sọ fún un pé iye tá ò kọ́kọ́ mọ̀ yẹn làwọn tíṣà ẹ̀ ń pè ní x, pé ohun tó ṣe tán báyìí ni 3x + 2,000 = 20,000. Mo ti rí ọmọ tí ojú ẹ̀ là lórí èyí bíi pé wọ́n tan iná fún un. Ìyá tó fi ọgbọ́n orí ṣòwò fún ogún ọdún mọ àlẹ́gébírà, orúkọ ẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Lórí lẹ́sìnnì, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tíì fi ọmọ sí i ní táàmù àkọ́kọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ tó jí ní aago márùn-ún, tó dé láti ilé ìwé ní aago mẹ́ta, tó tún lọ sí lẹ́sìnnì di aago mẹ́fà ààbọ̀, ìgbà wo ló máa jẹun, ìgbà wo ló máa ṣe asáínmẹ́ǹtì, ìgbà wo ló máa sùn? Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa oorun ní wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá ló yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá máa sùn. Tó bá máa jí ní márùn-ún, ó yẹ kó ti sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ ṣírò ẹ̀. Oorun ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ nígbà tí tíṣà bá ń nu bọ́ọ̀dù yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ilé ìwé náà tún wà o. Kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ bá a rìn ín lẹ́ẹ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé géètì, kó fúnra ẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró, kó fúnra ẹ̀ sọ ibi tó ti máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù kan hàn án tó lè sá sí tí òjò bá dé tàbí tí owó ẹ̀ bá sọnù, òjò oṣù kẹsàn-án ò mọ ọmọ ilé ìwé. Kó mọ nọ́ńbà fóònù yín sórí.

Èyí tó le láti sọ ló kàn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ló pọ̀ jù ní JSS1, ara wọn ń yí padà nígbà kan náà tí ilé ìwé ń yí padà. Ẹni tó bí obìnrin, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan oṣù bá dé kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ fi páàdì méjì àti pátá kan sínú ọ̀rá kékeré, kó máa wà nínú báàgì ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn bàbá náà, kí ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ lè wà lọ́dọ̀ yín nìkan lọ́jọ́ tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bí ọkùnrin, ẹ sọ fún un pé ohùn ẹ̀ á nípọn, ara ẹ̀ á yí padà, kò ṣàìsàn. Kí ọkùnrin àtobìnrin sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé kò sí tíṣà, kò sí síníọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibi ìkọ̀kọ̀ wọn, àti pé tó bá ṣẹlẹ̀ ẹ ò ní bá wọn jà.

Síníọ̀ ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á gba owó oúnjẹ ọmọ, wọ́n á ní kó lọ pọnmi, wọ́n á ní kó kúnlẹ̀. Ọmọ ò ní sọ fún yín torí wọ́n ti ní àwọn máa lù ú tó bá sọ. Ẹ wò ó: tẹ́ ẹ bá fún un lówó oúnjẹ tó ṣì ń fi ìwànwara jẹun lójoojúmọ́ tó bá dé, tí bọ́tìnnì ẹ̀ ń já, tí inú bá ń run ún ní gbogbo Wednesday nìkan, ẹ lọ wo ohun tó wà lórí táìmù-tébù ní Wednesday. Ẹ má sọ fún un pé "gbá a padà", ẹ má sì lọ pariwo níwájú àsẹ́ńbìlì, ọmọ yẹn ló máa jẹ gbèsè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá lọ tán. Ẹ kọ déètì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ lọ bá fọ́ọ̀mù tíṣà, tí kò bá yanjú ẹ lọ bá igbákejì ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú bébà yẹn lọ́wọ́.

Fún àwọn tọ́mọ wọn wà ní bọ́dìn, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ Visiting Day bó ti wù kó rí, ẹ ní kó kó ìwé nóòtì dání wá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Tó bá ń sunkún pé òun fẹ́ẹ́ bá yín lọ, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdí ẹ̀, torí àárò ilé yàtọ̀ sí kí ẹnì kan máa fìyà jẹ ẹ́.

Ẹ wá mú ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ lọ rí fọ́ọ̀mù tíṣà. Ẹ má dúró de PTA, gbogbo òbí ló máa wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n á máa sọ. Ìbéèrè mẹ́ta ti tó: ibo lọmọ mi jókòó sí, ta ni wọ́n jọ ń rìn, tíṣà wo ló ti fẹjọ́ ẹ̀ sùn? Ẹ sọ orúkọ ọmọ yín ní kíkún, ẹ fi fọ́tò ẹ̀ hàn án lórí fóònù torí orúkọ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá ń gba nọ́ńbà òbí, ẹ gba tiẹ̀ náà, kẹ́ ẹ tún pè é lẹ́ẹ̀kan kó tó di mid-term. Nígbà tí mo ṣe é ní táàmù kejì, fọ́ọ̀mù tíṣà ọmọ mi wo fọ́tò yẹn pẹ́, ó ní, "Ah, ẹni tó máa ń dákẹ́ lẹ́yìn yẹn," láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi orúkọ pè é.